Ìsàlẹ̀ Bàtà Bàámi

Kí Bàámi tó yọ sí wa, a ti máa ń mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ilé tí a ń gbé ní Òkè Baálẹ̀, ní Òṣogbo, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́, yàrá mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ìdílé mẹ́ta la sì jọ ń gbé ibẹ̀. Láàárín ìró odó ìyá onílé àti rédíò àwọn ará yàrá iwájú àti igbe ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ìró bàtà Bàámi máa ń dá yàtọ̀: kó, kó, kó, bí ẹni ń fi ṣíbí kan tábìlì. Bó bá yára, inú rẹ̀ dùn nìyẹn. Bó bá ń falẹ̀, ọ̀gá kan ti bá a wí níbi iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì lọ tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi jẹun tán. Màámi máa ń sọ pé ìró yẹn ló ń bá òun tọ́ ọmọ, nítorí kí Bàámi tó dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo àwa tí à ń ṣeré ti gbé ìwé lé itan, ẹni tó dorí ìwé rẹ̀ kodò pàápàá ń kà á sókè ketekete.

Bàtà yẹn kì í ṣe bàtà lásán. Awọ ni lókè, awọ ni nínú, awọ náà sì ni nísàlẹ̀, ó pọ́n bí obì tó gbó. Bàbá bàbá mi, tó jẹ́ òṣómàáàló láyé ìgbà tiwọn, tó ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, ló rà á fún un ní Èkó lọ́dún tí wọ́n gba Bàámi síṣẹ́ rélùwéè. Kó tó fi lé e lọ́wọ́, ó ní kí aránbàtà kan irin pẹlẹbẹ mọ́ gìgísẹ̀ méjèèjì, irin tó rí bí ìdajì òṣùpá, kí ojú ọ̀nà má baà tètè jẹ ẹ́. Irin yẹn gan-an ló ń dún. Nígbà tí èmi gbọ́njú, bàbá bàbá mi ti kú, rélùwéè ti dákẹ́, ewúrẹ́ ń jẹko láàárín ojú irin, Bàámi sì ti di òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Bàtà ò yí padà ní tirẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, èmi ni àkọ́bí, ìkáwọ́ mi ni wọ́n sì fi bàtà náà sí.

Ẹ má rò pé kí n kàn fi póliṣì ra á lójú ni iṣẹ́ mi. Póliṣì rọrùn, kò sí ẹni tí kò lè ṣe é. "Òkè bàtà, gbogbo ayé ló ń bá ọ ṣọ́ ọ," Bàámi á wí, á wá yí bàtà náà dà, "ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kò lẹ́ni." Bó bá ti bọ́ ọ, mo gbọ́dọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, kí n fi igi ìgbálẹ̀ kan yọ òkúta wẹ́wẹ́ tó bá há sí ojú rírán rẹ̀, kí n sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí atẹ́gùn lè dé ìsàlẹ̀. Bí òjò bá pa á, ìwé ìròyìn ni màá fi kì í nínú, mi ò gbọdọ̀ gbé e sún mọ́ iná, mi ò sì gbọdọ̀ sá a sóòrùn, torí awọ tí oòrùn bá gbẹ máa ń sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá kọ́kọ́ fẹ́, a máa fi òrí díẹ̀, díẹ̀ péré, pa ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí Bàámi bá sì ń lọ sí oríta lọ wọkọ̀, etí koríko ló máa ń tọ̀, á máa yẹ òkúta sílẹ̀ bí ọdẹ tó ń dọdẹ ọ̀yà, àwọn aládùúgbò á sì máa kí i láàárín títì, òun á máa dá wọn lóhùn látinú koríko. Màámi ò lè pa á mọ́ra. Á ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ká ní ẹ lè pọn bàtà yìí, ẹ ò bá ti pọ̀n ọ́n." Bàámi á rẹ́rìn-ín, á ní ẹni tó bá mọ iyì wúrà là á tà á fún.

Ìdí tí ìsàlẹ̀ bàtà fi ká a lára tó bẹ́ẹ̀ kò ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Nílé ìjọsìn wa, bí a bá fẹ́ gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, níwájú pẹpẹ la ti ń kúnlẹ̀, a ó kọjú sí àlùfáà, a ó sì kẹ̀yìn sí gbogbo ìjọ. Ẹni tó bá ti kúnlẹ̀ báyìí, ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ ló ń wo ìjọ lójú. Agbádá rẹ lè jẹ́ sányán, fìlà rẹ lè gún régé, ìsàlẹ̀ bàtà yóò sọ òótọ́ tó kù. Bàámi máa ń sọ ìtàn bàbá kan tí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ lu, tó gé páálí sínú rẹ̀, tí ìjọ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí náà bó ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀. Páálí ọṣẹ ni. Kò sí ẹni tó rántí pé ọdún púpọ̀ ni bàbá náà fi ṣe akọrin. "Bàbá Ọlọ́ṣẹ" ni wọ́n ń pè é títí tó fi kú. Àwa ọmọ máa ń fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀rù rẹ̀ ń ba Bàámi ní tòótọ́.

Ibi kejì tí bàtà náà máa ń lọ ni Iléṣà. Ní Sátidé kìíní oṣù, láìyẹ̀, èmi àti Bàámi á wọ takisí lọ kí ìyá tó bí i, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Iléṣà. Ilé tí bàbá bàbá mi fi owó aṣọ kọ́ ló ń gbé, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, àtẹ̀gùn rẹ̀ pákó, ilẹ̀ òkè rẹ̀ náà pákó. Òkè ni yàrá rẹ̀ wà. Nígbà yẹn, ojú rẹ̀ ti fọ́, etí rẹ̀ náà ti ń di. Tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀, ó ní ṣe ló dà bí ẹni pé inú ìkòkò ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n pákó ń jíṣẹ́ fún un. Ẹni tó bá tẹ àtẹ̀gùn nísàlẹ̀, ó máa ń gbọ́ ọ tẹsẹ̀-tẹsẹ̀ láti orí àga rẹ̀, á ní, "Bíọ́dún rèé, ó tún ru omi," tàbí, "Olùkọ́ni ọjọ́ ìsinmi ti dé, ẹsẹ̀ kan ń dùn ún." Àǹtí Bíọ́dún ni ìbátan wa tó ń bá a gbé, opó ni, oníwà tútù. Bí Bàámi bá wá tẹ àtẹ̀gùn kìíní, kó, Màmá á ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Kí a tó dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ti ń pè é, "Délé! Délé ọmọ mi! Wọ ulé wá!" Màmá kì í pe ilé ní ilé, ulé ló ń pè é, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pè é. Àlejò nìkan ló máa ń bá sọ Yorùbá inú Bíbélì.

Nísinsìnyí tí èmi náà ti ń wá awò ojú kí n tó lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́, mo mọ ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn, pé kì í ṣe ojú àti etí nìkan ló ń bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Á béèrè ohun kan lẹ́ẹ̀mẹta. Á ní kí Bíọ́dún lọ kí ọkọ òun káàbọ̀ nísàlẹ̀, ọkọ tó ti kú láti ọdún mélòó kan. Ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń pòórá lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìró ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ò tíì pòórá. Mo kàn rò pé ọjọ́ ogbó ló ń ṣe é.

Ìkórè ọdún yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Bàámi jáde lọ síwájú pẹpẹ, ó kúnlẹ̀, mo sì ń wo iṣẹ́ ọwọ́ mi láti orí ìjókòó àwọn ọmọdé. Ìsàlẹ̀ méjèèjì mọ́, kò sí erùpẹ̀ kankan. Àmọ́ láàárín ti ọ̀tún, níbi tí ìka ńlá ti ń tẹ awọ mọ́lẹ̀, ojú kan ti dúdú, ó ti fẹ́lẹ́, ó tó owó ṣílè. Kò tíì lu, ṣùgbọ́n ó fẹ́ lu. Ọmọbìnrin kan tó jókòó tì mí fi ìgùnpá gún mi, ó ní, "Bàbá yín ò ní pẹ́ di Bàbá Ọlọ́ṣẹ." Mi ò ní purọ́, mi ò gbọ́ ìwàásù tó tẹ̀ lé e. Ìtìjú bò mí bí ẹni pé ara mi ló lu. Bàbá Rìsí, aránbàtà tó ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lóríta wa, ti bẹ Bàámi títí pé kó jẹ́ kí òun lẹ rọ́bà sí ìsàlẹ̀ bàtà náà, Bàámi sì ń kọ̀, ó ní rọ́bà kì í jẹ́ kí awọ mí. Lójú tèmi, ohun tó fẹ́ lu kò nílò kó máa mí mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìkórè, ìjọba rán Bàámi lọ sí Ẹ̀sà-Òkè fún iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún, bàtà dúdú onírọ́bà rẹ̀ ló sì wọ̀ lọ nítorí ọ̀nà eruku. Mo fi aṣọ ìnura wé bàtà aláwọ náà, mo gbé e tọ Bàbá Rìsí lọ. Mo ní, "Bàámi ní kí ẹ bá àwọn lẹ rọ́bà sí i." Irọ́ gbuu. Bàbá Rìsí ò fura, inú rẹ̀ dùn pé ọ̀rọ̀ òun wọlé níkẹyìn. "Àlùhámúdù lílàhì," ó ní, "mo ti sọ fún alàgbà. Bàtà gidi kì í kú lókè, ìsàlẹ̀ ló ti ń kú." Ó fi ẹ̀mú yọ irin gìgísẹ̀ méjèèjì, ó fi fáìlì ha ojú awọ náà títí tó fi hu bí irun kí gọ́ọ̀mù lè mú un, ó pa gọ́ọ̀mù sí awọ, ó pa á sí rọ́bà, ó sì ní kí n dúró kó gbẹ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó fi òòlù lù wọ́n yíká, ó fi ọ̀bẹ mímú gé etí rọ́bà tó yọ. Iṣẹ́ náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí o ní láti yí bàtà náà dà kí o tó mọ̀ pé rọ́bà wà níbẹ̀. Ó pọ́n irin méjèèjì sínú bébà, ó fún mi, mo kó wọn sínú agolo póliṣì tó ti tán.

Nígbà tí Bàámi dé, ó gbé bàtà náà, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Ta ló rán ọ?" ó ní. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́, mo sì sọ ohun tí ọmọ yẹn sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàámi fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà náà, ó tẹ̀ ẹ́ títí dé gìgísẹ̀. Ó ní, "O purọ́ mọ́ mi, ìyẹn ò dáa, má sì dán an wò mọ́. Àmọ́ iṣẹ́ Bàbá Rìsí mọ́." Ìyà mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wọ̀ ọ́, ó rìn ín wò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò dún rárá. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó ká wa mọ́ orí eré lẹ́ẹ̀mejì, ó bá àbúrò mi tó fi orí ibùsùn rẹ̀ ṣe ọkọ̀, Màámi pàápàá yí padà nídìí ààrò, ó rí i tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó pariwo, "Yéè! Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ fẹ́ pa mí ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó ronú kọjá Òkè Baálẹ̀.

Sátidé kìíní oṣù pé. A dé Iléṣà ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, Àǹtí Bíọ́dún ti ń gúnyán lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé. A gun àtẹ̀gùn. Mo rántí pé nǹkan kan ṣe mí bí a ṣe ń gòkè, tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe Délé. Nígbà tí Bàámi ti ilẹ̀kùn, Màmá fò nídìí àga, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú. "Ta nìyẹn?" Bàámi dọ̀bálẹ̀, ó gbé ohùn sókè. "Èmi ni, Màmá. Délé ni." Ojú Màmá rọ̀, ó rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí àlejò. "Ẹ kú ìrìn o," ó ní. "Ẹ wá Délé wá ni? Ẹ jókòó. Kò tíì dé, ṣùgbọ́n ọ̀nà ló wà. Sátidé rẹ̀ nìyí, kì í yẹ̀ ẹ́."

Bàámi rò pé kò gbọ́ dáadáa ni. Ó sún mọ́ ọn, ó sọ ọ́ sí i létí. Màmá ní ohùn wọn jọra lóòótọ́, ó ní ohùn ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà máa ń jọra. Èmi náà kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, èmi Àbẹ̀kẹ́ ni." Ó ní, "Ìwọ náà ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́? Ọmọ-ọmọ mi kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, jókòó, ẹ ó ríra." Bàámi mú ọwọ́ rẹ̀, ó fẹ́ gbé e sójú ara rẹ̀ kó lè fọwọ́ mọ̀ ọ́n, Màmá rọra fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Rárá o, ẹ jọ̀ọ́, kò yẹ kí n máa fọwọ́ pa ojú ọkọ ọlọ́kọ." Àǹtí Bíọ́dún gòkè wá, ó ní, "Ẹ̀yin Màmá, Bọ̀dá Délé mà ni." Màmá bínú díẹ̀. Ó ní, "Bíọ́dún, o ti bá wọn di í. Ẹ rò pé nítorí ojú mi fọ́, ẹ lè fi ọmọ mi ṣeré fún mi. Mo mọ ẹsẹ̀ ọmọ mi. Kò tíì gun àtẹ̀gùn yìí lónìí."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó tí à ń dúró de Bàámi, Bàámi fúnra rẹ̀ sì wà láàárín wa. Àǹtí Bíọ́dún gbé iyán wá, ó gbé ọbẹ̀ wá, itan ọ̀yà wà nínú àwo kan lọ́tọ̀. Màmá fọwọ́ wá àwo ẹran náà, ó fà á sún mọ́ ara rẹ̀, ó fi ọmọrí dé e. "Ti Délé nìyí," ó ní. "Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin àlejò, ẹ jẹ iyán." Bàámi ò jẹ iyán. Ó jókòó lórí àpótí tí ó ti ń jókòó sí láti kékeré, ó ń wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lórí ọmọrí àwo, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Mi ò rí omi lójú bàbá mi rí títí di ọjọ́ yẹn. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá tẹ àtẹ̀gùn, Màmá á gbé orí sókè, á tẹ́tí, á tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà kẹta tó ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo wo ẹsẹ̀ Bàámi. Mo fẹ́ dákẹ́, kí n má purọ́, mo fẹ́ dákẹ́ gidi gan-an. Mo wá ní, "Bàámi, bàtà ni. Kò dún." Bàámi wo ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀.

Ó gbìyànjú. Ó bọ́ bàtà náà sílẹ̀, ó fẹ́ fi ọ̀bẹ Àǹtí Bíọ́dún ya rọ́bà náà kúrò, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù Bàbá Rìsí kì í ṣe gọ́ọ̀mù ọmọdé, irin méjèèjì sì wà nínú agolo póliṣì ní Òṣogbo. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a dìde. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa pé a bá òun jókòó. Ó di ọwọ́ Bàámi mú níkẹyìn, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń di ọwọ́ àlejò mú, ó ní, "Òṣogbo lẹ ní ẹ ti wá, àbí? Ọmọ mi ń bẹ níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò bínú. Ẹ ní mo fi ẹran pamọ́ dè é." Bàámi ní, "Màá jíṣẹ́, Màmá." Nínú takisí, mo ń retí kó nà mí, tàbí kó bú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó ní, "Kì í ṣe ìwọ nìkan. Èmi náà mo wọ̀ ọ́, mo rìn, ó sì dùn mọ́ mi pé mo ń yọ́ bá yín."

Ní Mọ́ńdè, kó tó lọ síbi iṣẹ́, a ti wà lábẹ́ igi máńgòrò. Bàámi gbé bàtà àti irin méjèèjì kalẹ̀, ó ní kí Bàbá Rìsí bọ́ rọ́bà náà kúrò. Bàbá Rìsí ṣe bí ẹni tí wọ́n bú. "Wálláhì, alàgbà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Mo ti ha awọ yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Tí mo bá bọ́ rọ́bà, á fa díẹ̀ nínú awọ dání. Kò lè pẹ́ mọ́, ó máa lu." Bàámi ní, "Kó lu. Mo fẹ́ kó máa dún ni." Bàbá Rìsí wò mí, mo wo ilẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó kan irin padà. Ojú awọ náà rí pálapàla, bí ara ẹran tí wọ́n hó tí kò hó tán. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo ìtọ́jú ọdún púpọ̀ fi bàjẹ́, mo sì dúró níbẹ̀, mò ń wò ó.

Bàámi ò dúró de oṣù tó ń bọ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni a padà lọ. Sílípáàsì ló wọ̀, mo gbé bàtà náà sínú àpò lórí itan mi nínú takisí. Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló ti jókòó, ó ti okùn rẹ̀ pinpin, ó dìde, ó sì dúró díẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ó tẹ pákó àkọ́kọ́. Kó. Ó tẹ ìkejì. Ohùn kan ti òkè wá, ohùn tó lágbára ju ti arúgbó lọ: "Délé! Ùwọ nì? Délé, wọ ulé wá!" Bàámi fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré gun ìyókù. Màmá gbá a mọ́ra, ó fọwọ́ pa á lójú, ó pa á lórí, ó ń bá a wí pé kí ló dé tó fi pẹ́ tó báyìí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àlejò kan wá níjọ́sí, òun àti ọmọ rẹ̀. Ènìyàn rere ni. Ó bá mi dúró dè ọ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, kò tilẹ̀ jẹun. Ṣé ó jíṣẹ́ fún ọ?" Bàámi ní, "Ó jíṣẹ́, Màmá." Ẹran ti bàjẹ́, Àǹtí Bíọ́dún ti dà á nù ní bòókẹ́lẹ́, ó sì ra òmíràn sínú àwo kan náà. Bàámi jẹ ẹ́ tán, ó fọ́ eegun rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ibì kan ṣoṣo ni bàtà náà ń lọ. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la wá ń lọ sí Iléṣà, bàtà á wà nínú àpò títí dé ìdí àtẹ̀gùn, Bàámi á wọ̀ ọ́ gòkè, á wọ̀ ọ́ sọ̀ kalẹ̀, á tún bọ́ ọ. Pákó nìkan ló ń tẹ̀, pákó kì í jẹ awọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ tí Bàbá Rìsí ní ó máa lu ò lu. Níwájú pẹpẹ ní Òṣogbo, bàtà dúdú onírọ́bà, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ni Bàámi fi ń kúnlẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Àwọn kan wò ó, wọ́n wo ara wọn. Màámi sọ fún un, ó ní àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kí wọ́n máa sọ ọ́." Èmi náà, tí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ kan péré ti sọ di òpùrọ́, mo jókòó sórí ìjókòó àwọn ọmọdé, mo wo bàtà dúdú yẹn, kò sì tì mí lójú mọ́. Mo ṣì ń tọ́jú aláwọ náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo tilẹ̀ rọra ń fi òrí pa ojú ibi tó hó, bí ẹni ń tọ́jú egbò.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, Màmá Iléṣà sùn, kò jí. Bàámi ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, Màmá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀, wọ́n jẹun pọ̀. A sin ín, a ṣe gbogbo ohun tó yẹ, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kọrin títí ohùn wọn fi há. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Bàámi ní kí n gbé bàtà náà tẹ̀ lé òun lọ sí oríta. Bàbá Rìsí dìde fún un, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ó gba bàtà lọ́wọ́ mi, ó yí i dà. Ó ní inú òun dùn pé kò lu. Bàámi ní kó yọ irin méjèèjì, kó lẹ rọ́bà sí i. Ó ya Bàbá Rìsí lẹ́nu. "Alàgbà, ẹ̀yin lẹ ní kí n bọ́ ọ. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó máa dún."

Bàámi ní, "Ẹni tó ń gbọ́ ọ ti lọ."

Bàbá Rìsí na ọwọ́ mú ẹ̀mú.